Ta Ló Ń Sọ Ìtàn Modúpẹ́ Oshikoya fún Àwọn Ọmọbìnrin Wa?

  Ọ̀rọ̀ obìnrin eléré ìdárayá kan tí ó ti fi pápá sílẹ̀ tipẹ́ ni a gbé wá ní oṣù yìí, àti ọ̀rọ̀ òkìkí tí gbogbo ayé ń lé kiri lónìí.

Bí ẹ bá ní kí ọmọ ọdún méjìlá kan dárúkọ àwọn gbajúmọ̀ tí ó ń rí lórí fóònù, yóò dárúkọ ènìyàn ogún kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé obìnrin ọmọ Nàìjíríà wo ni ó kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Ó ṣeé ṣe kí ó máa wo ojú yín. Ó sì ṣeé ṣe kí àwa òbí pàápàá máa wo ojú ara wa.

Modúpẹ́ Oshikoya ni orúkọ obìnrin náà. Ìlú Christchurch ní orílẹ̀-èdè New Zealand ni ó ti gba wúrà yìí ní ọdún 1974, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún péré. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí ó ṣe, kí a tó sọ ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀.

ÌDÍJE TÍ ẸNÌ KAN Ń ṢE GBOGBO RẸ̀

Gbogbo wa la mọ ọjọ́ eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní intá-háòsì. Ní ọjọ́ náà, olúkúlùkù a máa mú eré tirẹ̀: eléyìí a sáré, tọ̀hún a fò sókè, ẹlòmíràn a ju irin. Ṣùgbọ́n ìdíje kan wà nínú eré orí pápá tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Fún àwọn obìnrin, eré márùn-ún ni ìdíje yìí ní láyé ìgbà tí Modúpẹ́ ń sáré: sísáré fo igi ní 100 mítà, jíju irin, fífò sókè, fífò jìnnà, àti sísáré 200 mítà. Láti ọdún 1981 ni wọ́n ti sọ ọ́ di eré méje, tí wọ́n fi jíju ọ̀kọ̀ àti sísáré 800 mítà kún un. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é: eré mẹ́rin ní ọjọ́ kìíní, mẹ́ta ní ọjọ́ kejì.

Kì í ṣe eré ọmọdé rárá. Igi mẹ́wàá ni obìnrin náà yóò fò kọjá lórí eré sísá, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ju ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà lọ. Irin tí yóò jù wúwo tó kílò mẹ́rin. Ìṣirò máàkì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó borí: bí ó bá ti ṣe sí nínú eré kọ̀ọ̀kan, wọ́n a fún un ní máàkì, wọ́n a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ìparí. Nítorí náà, ẹnì kan lè borí láìṣe ipò kìíní nínú ọ̀pọ̀ nínú eré náà, bí ó bá ṣá ti ń ṣe dáadáa nínú gbogbo rẹ̀. Bí ó bá sì ṣìṣe nínú ọ̀kan, kò gbọdọ̀ jókòó sunkún. Yóò nu ojú rẹ̀, yóò sì lọ múra fún èyí tí ó kàn.

Ẹ̀yin ìyá mọ irú ìdíje yìí dáadáa. Ẹni tí ó jí ní àfẹ̀mọ́jú, tí ó gbọ́ oúnjẹ, tí ó múra fún ọmọ, tí ó wọ mọ́tò lọ sí Ọjà Ọba, tí ó tún padà wálé wá wo iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ, ẹ kò ní láti ṣàlàyé fún un pé máàkì kéékèèké ni ó ń para pọ̀ di púpọ̀.

BÍ ỌMỌ ỌDÚN MỌ́KÀNDÍNLÓGÚN ṢE TÓ BẸ́Ẹ̀

Ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 1954 ni wọ́n bí Modúpẹ́. Kò tíì pé ọdún mọ́kàndínlógún tí ó fi wà lára àwọn tí ó ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì ọdún 1972, ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì. Ní oṣù kìíní ọdún 1973, gbogbo Áfíríkà péjọ sí Èkó fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà, ní pápá ńlá tí ó wà ní Surulere. Níwájú àwọn ará ilé rẹ̀ ni ọ̀dọ́bìnrin yìí ti gba wúrà mẹ́ta: ó gba ti sísáré fo igi, ó gba ti fífò sókè, ó sì gba ti fífò jìnnà.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ti Christchurch. Kí ó tó lọ, Violet Odogwu ti gba àmì ẹ̀yẹ idẹ fún Nàìjíríà nínú fífò jìnnà ní ìlú Kingston ní ọdún 1966, ṣùgbọ́n obìnrin wa kankan kò tíì gba wúrà. Modúpẹ́ fo 6.46 mítà, ó sì gba á. Ẹ mú ìwọ̀n, kí ẹ fi wọn pálọ̀ yín láti ògiri dé ògiri. Ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Àkúrẹ́ ni kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó tún gba idẹ nínú sísáré fo igi.

Ṣùgbọ́n ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí ni ti eré márùn-ún. Ẹni tí ó wá síbẹ̀ láti gba ipò kìíní ni Mary Peters, tí ó wá láti Àríwá Ireland. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, òun ni ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì ní Munich pẹ̀lú máàkì 4801, èyí tí kò sí obìnrin tí ó ní irú rẹ̀ rí láyé nígbà náà. Nígbà tí wọ́n ṣírò máàkì ní Christchurch, Mary Peters ní 4455, Modúpẹ́ sì ní 4423. Máàkì méjìlélọ́gbọ̀n péré ni ó wà láàárín ọmọ Nàìjíríà ọdún mọ́kàndínlógún àti ẹni tí ó borí gbogbo ayé. Nínú eré márùn-ún, ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ níbí àti ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ́hùn-ún ni irú iye bẹ́ẹ̀. Mary Peters fúnra rẹ̀, máàkì mẹ́wàá péré ni ó fi borí ní Munich. Àmì ẹ̀yẹ fàdákà ni wọ́n fi sí Modúpẹ́ lọ́rùn, ó sì di mẹ́ta tí ó kó wálé láti inú ìdíje kan ṣoṣo.

ILẸ̀KÙN MÉJÌ TÍ Ó TÌ

Ẹni tí ó ṣe báyìí ní ọdún mọ́kàndínlógún, kí ni kò ní ṣe ní ọdún méjìlélógún? Ìbéèrè yìí ni ìdáhùn rẹ̀ kò dé. Ní ọdún 1976, nígbà tí Òlíńpíìkì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kó àwọn eléré wọn kúrò, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ rọ́gíbì New Zealand lọ bá South Africa ṣeré nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ń fi àwọ̀ ara pín ènìyàn níyà. Ẹ wo bí ayé ti rí: orílẹ̀-èdè tí Modúpẹ́ ti gba wúrà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dí i lọ́nà. Ní ọdún 1978, nígbà tí ó yẹ kí ó lọ gbèjà wúrà rẹ̀ ní Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Edmonton, Nàìjíríà tún kọ̀, wọn kò lọ.

A kò sọ pé ohun tí ìjọba ṣe burú. Ìyà àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa ní South Africa kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè dákẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a mọ ẹni tí ó san owó rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún múra sílẹ̀ ni wọ́n san án, ọjọ́ orí eléré kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ní ọdún 1978 kan náà, nígbà tí Áfíríkà péjọ sí Algiers, Modúpẹ́ tún gba wúrà fífò jìnnà.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Òfin eré orí pápá ní ìgbà náà kò gbà kí eléré gba owó fún eré tí ó ń ṣe. Kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò gbé owó gọbọi fún ọmọbìnrin kan nítorí pé ó gba wúrà. Ẹ̀yẹ ni èrè rẹ̀. Bí a bá wá gbàgbé ẹ̀yẹ náà, kí ni ó kù?

ÒKÌKÍ ÀNÁ ÀTI ÒKÌKÍ ÒNÍ

Ní ọdún 1974, rédíò àti ìwé ìròyìn ni ó ń gbé orúkọ eléré kiri. Bí oṣù díẹ̀ bá ti kọjá, ìwé ìròyìn ọ̀hún a ti dé ọwọ́ alákàrà àti ẹlẹ́pà, òkìkí náà a sì ti di ohun tí a fi di nǹkan. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù keje ọdún 2022, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sáré fo igi ní 12.12 ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, kò sì sí obìnrin tí ó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Nàìjíríà, fídíò rẹ̀ ti wà lórí fóònù láti Oyèmẹ́kùn dé Yaba ní Oǹdó. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Birmingham, Amusan gba wúrà sísáré fo igi, Ese Brume sì fo mítà méje gééré, ó gba wúrà fífò jìnnà.

Ẹ wo eré méjèèjì náà dáadáa. Nínú méjèèjì ni Modúpẹ́ ti gba àmì ẹ̀yẹ ní Christchurch ní ọdún méjìdínláàádọ́ta ṣáájú. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ là ni àwọn wọ̀nyí ń gbà. Ọmọ tí ó wo fídíò Amusan ní ìgbà ogún, tí kò sì gbọ́ orúkọ Modúpẹ́ rí, ìdajì ìtàn ni ó mọ̀.

Àléébù òkìkí orí fóònù ni pé ojú tí ó wò ni ó ń kà, kì í ka iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe. Obìnrin kan lè fi ọdún mẹ́wàá kọ́ eré méje, kí ó ju irin títí èjìká yóò fi máa dùn ún, kí ó fo igi títí orúnkún yóò fi bó. Ṣùgbọ́n àwòrán kan tí ẹnì kan yà nígbà tí ó tẹ̀ láti sáré ni ayé yóò gbé kiri. Irun rẹ̀ ni wọn yóò sọ̀rọ̀ lé lórí, àti aṣọ rẹ̀, àti ìrísí ara rẹ̀. Ó lè ti fẹ̀yìn tì pẹ́, kí ó ti di ìyá ọlọ́mọ, kí àwòrán náà ṣì máa rìn kiri láàárín àwọn tí kò mọ iye máàkì kan tí ó gbà rí. A kò lè pe ìyẹn ní ẹ̀yẹ.

Ẹ wá wo irú ẹ̀yẹ mìíràn. Ní ìlú Belfast, pápá eré kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ Mary Peters. Àwọn ọmọdé ń sáré níbẹ̀, ní ọdún 2013 ni wọ́n sì gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó fi máàkì méjìlélọ́gbọ̀n ṣáájú Modúpẹ́ ni à ń wí. Bí ọmọ kan bá bèèrè níbẹ̀ pé ta ni Mary Peters, ilẹ̀ tí ó dúró lé ni yóò dá a lóhùn.

OHUN TÍ Ó KAN ILÉ WA

Ní ilé púpọ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, tí ọmọbìnrin bá ti ń wọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: “Ó tó, fi eré sísá sílẹ̀, o ti ń dàgbà.” A mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó ń mú òbí sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn ìdí tí wọ́n máa ń sọ yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ń sọ pé eré ìdárayá ń ba ara obìnrin jẹ́, pé kò ní jẹ́ kí ó bímọ. Ẹ wo Jessica Ennis-Hill, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba wúrà Òlíńpíìkì eré méje ní ọdún 2012. Ó bímọ ní ọdún 2014, ó sì padà wá di ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé nínú eré méje kan náà ní Beijing ní ọdún 2015.

Àwọn kan ń sọ pé yóò dí ìwé lọ́wọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ètò. Ṣùgbọ́n Modúpẹ́ fi eré lọ sí yunifásítì UCLA ní Los Angeles, Amusan náà sì fi eré lọ sí yunifásítì Texas ní El Paso. Bàbá Amusan, tí ó jẹ́ olùkọ́, kò kọ́kọ́ fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣe eré. Ìyá rẹ̀ ni ó dúró tì í. Lónìí, gbogbo ayé mọ ohun tí ìdúró ìyá yẹn so.

Ti aṣọ ni ó máa ń le jù láàárín àwa ará ìjọ, a kò sì ní fi ojú fo ó. Òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ péńpé ní ojú gbogbo ènìyàn kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fa ọmọ jáde, ẹ lọ bá olùkọ́ eré ìdárayá sọ̀rọ̀. Ṣòkòtò gígùn tí ó fún mọ́ ara díẹ̀ àti ẹ̀wù alápá wà tí a lè fi sáré, tí a sì lè fi fò. Ọ̀rọ̀ tí a lè fi ìjókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá yanjú, kò yẹ kí a fi ẹ̀bùn ọmọ san án.

Ẹni tí ó bá sì sọ pé obìnrin kì í ṣíwájú, kí ó má ṣe sọ ọ́ ní Oǹdó. Ìtàn ìlú náà sọ pé Púpùpú ni Ọ̀ṣemàwé àkọ́kọ́, obìnrin sì ni. Títí di òní, wọ́n ń jẹ oyè Lóbùn níbẹ̀, obìnrin ni ó ń jẹ ẹ́.

BÍ ÒKÌKÍ BÁ KAN ILẸ̀KÙN

Kí ni kí a ṣe bí ọmọ wa bá mọ eré, tí àwọn ènìyàn sì ń gbé àwòrán rẹ̀ kiri? Igi gańgań-rán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Èkíní, kí òbí mọ ẹni tí ń ya ọmọ ní àwòrán ní ọjọ́ eré, kí ó sì mọ ibi tí àwòrán ń lọ. Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ gbé ayọ̀ yín síta, ẹ gbé ti ìgbà tí ọmọ ń gba ife tàbí tí ó dúró pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì ṣe kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti àdúgbò rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, àlejò tí ó bá kọ̀wé sí ọmọ pé òun yóò gbé e lọ sí òkè òkun, òbí àti olùkọ́ ni kí ó wá bá ní ojúkorojú. Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe bá ọmọ ka iye àwọn tí ó fẹ́ràn àwòrán rẹ̀. Ẹ bá a ka sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá fo mítà mẹ́rin àti ogún sẹ̀ǹtímítà ní ọdún tó kọjá, tí ó sì fo mẹ́rin àti ogójì ní ọdún yìí, ẹ yọ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn jẹ́ ti ara rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

ÀWỌN TÍ WỌ́N TI FI PÁPÁ SÍLẸ̀

Àwọn obìnrin tí wọ́n ti sáré fún ilé ẹ̀kọ́, fún ìpínlẹ̀ tàbí fún orílẹ̀-èdè wà láàárín wa. Ẹlòmíràn ń ta aṣọ, ẹlòmíràn ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn jókòó sí ẹ̀yìn wa ní ilé ìsìn, a kò sì mọ̀. Àwọn Yorùbá sọ pé ẹni tí ó bá dúpẹ́ oore àná yóò rí òmíràn gbà. Bí ọjọ́ eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ bá dé, ẹ jẹ́ kí a pe irú wọn wá jókòó sí iwájú, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé ife fún àwọn ọmọ. Kòtò iyanrìn tí àwọn ọmọ ń fò sí, kò ní ná wa ní ohun kan bí a bá fi orúkọ Modúpẹ́ Oshikoya pè é. Ọ̀dà díẹ̀ àti pátákó kékeré kan tó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù yìí, ẹ kó àwọn ọmọ jáde sí àgbàlá. Ẹ wọn 6.46 mítà sílẹ̀, kí ẹ fi òkúta sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù fò ó wò, àti ọkùnrin àti obìnrin. Bí wọ́n bá ti rí bí ó ti jìnnà tó, kí ẹ wá sọ fún wọn pé ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún kan láti ilé wa ni ó fò ó, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún wọn.

Títí a ó fi tún pàdé ní oṣù tí ń bọ̀, kí ilé yín tòrò, kí àwọn ọmọ yín yàn, kí wọ́n yanjú.